Orin Tí A Fi Ń Ṣọ́ Obì

Òórùn èèpo obì tó ti rà nínú omi ni mo máa ń jí bá láràárọ̀ nígbà tí mo wà ní kékeré ní Sábó, ní Ṣàgámù. Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi tí ẹ dàgbà níbẹ̀, ẹ ò ní béèrè irú òórùn tí mò ń wí. Wọ́n á rẹ gbànja tuntun sómi kí awọ funfun ara rẹ̀ lè rà. Bílẹ̀ bá ti ń mọ́, àwọn obìnrin á jókòó yí i ká, wọ́n á máa bó o, wọ́n á máa ṣà á: funfun níhìn-ín, pupa lọ́hùn-ún, èyí tí kòkòrò ti jẹ lẹ́yìn. Ìyá mi wà lára wọn. Tí mo bá délé ìwé, àwọn ọmọ á máa dimú fún mi, bí ẹni pé lọ́fíńdà ni ìyá tiwọn ń bó.

Ẹni tó ni obì là ń pè ní Ìyá Olóbì. Obìnrin Ibido ni, ní Ṣàgámù níbẹ̀, ó lówó, ó sì láhun débi pé ìjàpá ì bá wá kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀. Ohun tó ń bà á lẹ́rù jù láyé ni kí àwọn tó ń bóbì máa jẹ ẹ́. Ó wá dá ọgbọ́n kan: gbogbo ẹni tó bá ti jókòó ti obì gbọ́dọ̀ máa kọrin. Ó ní ẹnu tó ń kọrin ò ráyè rún nǹkan kan. Bí ẹnìkan bá dákẹ́, ẹ ó gbọ́ ohùn rẹ̀ lórí àga rẹ̀, ní èdè Rémọ: "Yèsí ló dákẹ́?" Ẹni yẹn á la ẹnu, á yọ ahọ́n síta, Ìyá Olóbì á yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ó ti pupa. Tó bá tún dákẹ́ lẹ́ẹ̀kejì, kó máa lọ ilé nìyẹn, ì báà jẹ obì, ì báà má jẹ ẹ́.

Bí orin náà ṣe di àdàlù nìyẹn. Àwọn ìyá Rémọ á dá a, àwọn obìnrin Hausa tí ọkọ wọn ń kó obì lọ sí Òkè Ọya á fi tiwọn sí i, ará Tógò kan wà níbẹ̀ tó ń kọ èyí tí ẹnikẹ́ni ò gbọ́. Ẹni tí ọ̀rọ̀ bá tán lẹ́nu rẹ̀ á yá ti ẹnìkejì. Wọn ò dá àṣà kankan sílẹ̀ o, owó gàrí ni wọ́n ń wá. Ìyá mi a máa sọ pé, "Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́." Òwe ni fún ẹlòmíràn, fún àwa, òfin ibi iṣẹ́ ni.

Èmi náà gbọ́ ọ sórí, mo sì jìyà rẹ̀. Ọjọ́ tí mo gbàgbé ara mi tí mo kọ ọ́ ní kíláàsì, ọ̀gá ilé ìwé wa gbé pátákó kọ́ mi lọ́rùn pé mo ń sọ èdè ilé. Mo gbé e kiri títí a fi jáde.

Nígbà ọyẹ́ ọdún kan, ikọ́ mú ìyá mi, ohùn rẹ̀ sì há pátápátá. Bàbá mi ti wáṣẹ́ lọ sí Èkó. Láti Ṣàgámù sí Èkó ò ju kéèyàn sùn díẹ̀ nínú ọkọ̀, ṣùgbọ́n ọ̀nà àbọ̀ ti sọnù mọ́ bàbá mi lójú. Iṣẹ́ obì yẹn nìkan la fi ń jẹun. Láàárọ̀ ọjọ́ kan tí a wà ní ìsinmi, mo tẹ̀ lé ìyá mi lọ. Ó gbìyànjú títí, orin ò jáde. Ìyá Olóbì pè é, ó la ẹnu, kò sí nǹkan níbẹ̀. Ìyá Olóbì ní, "Ó dáa. Tó o bá tún dákẹ́, máa lọ ilé ẹ." Omi lé sójú ìyá mi. Nígbà tí orin tún kàn án, mi ò mọ ohun tó gbé mi, mo la ẹnu:

"Sannu da aiki, ìyá mi,
Obì á tán, a ó relé."

Ẹnu àwọn ọmọ Hausa tí a jọ ń ṣeré ni mo ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń kíni kú iṣẹ́. Ìyókù, inú mi ló ti wá. Àwọn obìnrin gbè é. Ìyá Olóbì bínú, ó ní ta ló gba ọmọ kékeré síṣẹ́? Mo tún kọ ọ́. Ẹ̀rù ń bà mí, ṣùgbọ́n mi ò dákẹ́. Nígbà tó yá, ó ro ọ̀rọ̀ náà dáadáa, ó rí i pé òun ti rí akọrin ọ̀fẹ́, ó bá jẹ́ kí ìyá mi máa bá iṣẹ́ lọ.

Lọ́dún tó kọjá ni ọmọ ọmọ Ìyá Olóbì gbé àwo orin jáde. Ráàpù ló ń kọ. Dókítà Rémọ ló ń pe ara rẹ̀, bẹ́ẹ̀ Èkó ni wọ́n bí i sí, Kérésìmesì ló sì ń gbé e wá sí Ṣàgámù. Àwo náà ní Rémọ, ó ní Hausa, ó ní Pijin, ó sì ní Faransé tí ẹnikẹ́ni ò bẹ̀ ẹ́. Ó ní òun fi ń yẹ́ orin àdàlù àwọn ìyá Sábó sí. Mi ò ní parọ́, ó dùn. Ẹsẹ̀ mi ń mì lábẹ́ àga.

Wọ́n pè mí síbi ìfilọ́lẹ̀ rẹ̀ nítorí èmi náà ti di ọ̀gá ilé ìwé, mo sì mú ìyá mi dání. Ọ̀gá tó gbé pátákó kọ́ mi lọ́rùn ni alága, ó ti darúgbó. Ó ní láti ìgbà èwe lòun ti ń gbé èdè wa lárugẹ. A pàtẹ́wọ́. Dókítà Rémọ ní ìyá àgbà òun fẹ́ràn orin tó bẹ́ẹ̀ tí kì í gbà kí ẹnikẹ́ni dákẹ́ nínú ilé rẹ̀. A tún pàtẹ́wọ́. Èyí ò kúkú jẹ́ irọ́. Lẹ́yìn náà ni wọ́n tẹ orin, ni mo bá gbọ́ "Sannu da aiki, ìyá mi." Dókítà Rémọ ní ọ̀rọ̀ àwọn baba ńlá wa ni, pé ó ti wà kí a tó tẹ ìlú dó. Ìyá mi fi ìgúnpá gún mi, ó ní, "Ṣé ìwọ kọ́ nìyẹn?"

Ọmọkùnrin náà wá ní kí gbogbo wa dìde, ká dákẹ́ díẹ̀, ká fi bu ọlá fún àwọn obìnrin tó kọ ọ́. Gbogbo gbọ̀ngàn pa lọ́lọ́. Ìyá mi wọ̀tún, ó wòsì, mo rí i pé àyà rẹ̀ já. Ẹni tó ti fi ọjọ́ ayé rẹ̀ sá fún ìdákẹ́jẹ́, wọ́n ní kó dúró sínú rẹ̀. Ó la ẹnu, ó bẹ̀rẹ̀ orin, Rémọ pọ́ńbélé, ohùn rẹ̀ gbó, ó sì ròkè. Àwọn ẹni ńlá iwájú bojú wẹ̀yìn. Ọmọbìnrin kan tó ń tọ́ èrò sọ́nà sáré bọ̀: "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dákẹ́, à ń bu ọlá fún wọn ni."

Ọwọ́ mi ló dé ẹnu ìyá mi kí ọmọ náà tó dé ọ̀dọ̀ wa. Mo bò ó. Ojú ló ń tì mí, torí àwọn tó ń wò wá. Mo ti kàwé, mo ní ọ́fíìsì, wọ́n ń kúnlẹ̀ kí mi. Ọmọ tí mo jẹ́ nígbà ọyẹ́ yẹn ò ní nǹkan kan, ẹ̀rù sì ń bà á jù mí lọ, síbẹ̀ ó la ẹnu kí ìyá rẹ̀ lè jẹun. Ká ní òun ló dúró síbẹ̀ lọ́jọ́ náà, á gbè é. Ìyá mi ò jà, ó dákẹ́ sínú àtẹ́lẹwọ́ mi. Ìyá Olóbì pàápàá, pẹ̀lú gbogbo ahun rẹ̀, kò fọwọ́ bò ó lẹ́nu rí.