Fàyàwọ́ Orí Kọ̀ǹpútà

Mo rántí ìgbà tí màmá mi gbé kọ̀ǹpútà alágbèéká mi pamọ́ sábẹ́ aṣọ nínú àpótí wọn, tí wọ́n sì jókòó lé àpótí náà. Ifọ̀nyìntẹ̀dó, nítòsí bọ́dà, la wà nígbà náà. Mo ti jáde ilé ẹ̀kọ́ ní Ìlaròó, iṣẹ́ ò sì tíì sí. Ilé iṣẹ́ kan ní Èkó ló ní kí n kọ́ bí a ṣe ń so àwọn ilé tí wọ́n ń kó kọ̀ǹpútà ńláńlá sí, tí à ń pè ní dátà sẹ́ńtà, pọ̀ mọ́ ara wọn. Bí mo bá yege ìdánwò, iṣẹ́ ti dé nìyẹn, ilé ni n ó sì ti máa ṣe é. Ọ̀la ni ìdánwò.

Akẹ́kọ̀ọ́ ni mí, ṣùgbọ́n mo ti ń sọ̀rọ̀ bí ọ̀gá. Ìdí fèrèsé tí màmá ti ń yan gàrí ni nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti dára jù, ibẹ̀ ni mo sì máa ń dúró sí, tí n ó máa pariwo sí ẹnì kan tí a jọ ń kẹ́kọ̀ọ́ lórí fóònù: "Di ẹrù náà sínú ẹrù mìíràn! Jẹ́ kó gba inú tọ́nẹ́ẹ̀lì, ọ̀nà abẹ́lẹ̀ yẹn! Àwọn tó wà lójú ọ̀nà ò ní mọ ohun tó wà nínú ẹ̀!" Ní ìlú mìíràn, wọn á ní ọmọ yìí mọ̀wé. Lẹ́bàá bọ́dà tiwa, fàyàwọ́ lèyí. Fàyàwọ́ ìrẹsì ni bàbá mi sì ń ṣe nígbà tí ọ̀kadà gbé wọn ṣubú lọ́nà igbó, tó jẹ́ pé òkú wọn la gbé wálé. Àwọn àgbà ní ẹni tí ejò bá ti bù jẹ rí, bó bá rí ẹ̀kòló, á sá.

Lórí àpótí tí wọ́n jókòó lé, màmá ò pariwo. Omi kàn ń dà lójú wọn. Wọ́n ní, "Ọmọ mi, mi ò lè rí irú ẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì." Ó dùn mí wọ egungun.

Mo bu gàrí sínú ọ̀rá, mo kọ orúkọ ẹni tó ni ín sí i lára. Mo wá ti ọ̀rá náà bọ inú àpò, mo kọ "Ayétòrò" sára àpò. Mo ṣàlàyé pé ara àpò nìkan ni onímọ́tò máa wò. Ẹni tó bá tú u ní Ayétòrò ló máa rí orúkọ tó wà nínú. Bẹ́ẹ̀ ni kọ̀ǹpútà ìlú méjì ṣe ń ránṣẹ́ síra wọn lójú ọ̀nà tó ti wà nílẹ̀, bí ẹni pé inú yàrá kan náà ni wọ́n wà.

"Ẹrù kí ni?"

"Ọ̀rọ̀ lásán ni, Màmá. Ìwé àti àwòrán."

"Bí ẹrù bá wà lójú ọ̀nà, ibo nìwọ máa wà?"

"Orí àga yìí ni, Màmá."

Lẹ́yìn náà ni wọ́n dìde lórí àpótí.

Ọdún ti gorí ọdún báyìí. Mo yege, iṣẹ́ náà ni mo ṣì ń ṣe, mo sì ti so dátà sẹ́ńtà tí n kò fojú rí rí pọ̀. Bí àwọn ará ìlú bá bi màmá léèrè iṣẹ́ ọmọ wọn, wọ́n á ní, "Ẹrù ló ń kó, àmọ́ ilé ló ń sùn." Àwọn èèyàn á máa wo ara wọn lójú. Èmi kì í tún ọ̀rọ̀ màmá ṣe. Mo fẹ́ràn bí ohùn wọn ṣe máa ń rọ̀ tó bá ti kan "ilé."