Ọkùnrin Tí Kò Ṣeé Pín

Ilé iṣẹ́ fóòmù wa kò ní òṣìṣẹ́ tó tó ogún, ṣùgbọ́n orí mílíọ̀nù kan ni ọ̀gá ti bẹ̀rẹ̀ sí í fún wa ní nọ́ńbà, kí àwọn oníbàárà lè rò pé a pọ̀ bí eṣú. Olùṣọ́ ẹnu ọ̀nà ni mílíọ̀nù kan géérégé. Bọ̀ọ̀dá tó ń gé fóòmù ni mílíọ̀nù kan ó lé mẹ́ta.

Lọ́jọ́ kan tí a ń jẹun ọ̀sán, akọ̀wé owó wo káàdì tí Bọ̀ọ̀dá fi kọ́rùn.

"Bọ̀ọ̀dá, nọ́ńbà yín yìí ò ṣeé pín o. Ẹ pín in sí méjì, ẹyọ kan á ṣẹ́kù. Ẹ pín in sí mẹ́ta, ẹyọ kan á ṣẹ́kù. Sí márùn-ún, mẹ́ta á ṣẹ́kù. Àfi oókan àti òun fúnra ẹ̀ ló lè pín in tí nǹkan ò ní ṣẹ́kù."

"Ti olùṣọ́ ńkọ́?"

"Ìyẹn? Méjì ń pín in, mẹ́rin ń pín in, márùn-ún ń pín in."

Bọ̀ọ̀dá mi orí. "Abájọ tí gbogbo yín fi ń rán an níṣẹ́."

Bí ẹni tó ń gé fóòmù látàárọ̀ dalẹ́ ṣe kọ̀ kí wọ́n gé nǹkan tirẹ̀ nìyẹn. Kò bu búrẹ́dì fúnni mọ́. Bí o bá ní kó sún díẹ̀ lórí bẹ́ńṣì, á na káàdì sí ọ. A fi Kòṣeépín bú u, ó ń jẹ́ ẹ bí oyè. Èmi àti òun la jọ dáwó ra agbòjò kan. Ó ní nígbà tí kò ti ṣeé pín, odidi ẹ̀ lòun ń gbé lọ. Inú bí mi dọ́ba.

Ilé rẹ̀ ni mo wà, tí mo ń bá a fa ọ̀rọ̀ agbòjò yìí, nígbà tí ìyàwó rẹ̀ wọlé tòun ti ọ̀rọ̀ ìyá rẹ̀. Ojú ìyá náà ti ń di bàìbàì, ó sì ń dá gbé. Ìyàwó ní kí àwọn fi pákó dá pálọ̀ sí méjì, kí màmá wá máa gbé lọ́dọ̀ àwọn.

"Ilé mi ò ṣeé pín," ni Bọ̀ọ̀dá wí. "Ẹyọ kan á ṣẹ́kù."

"Ṣé màmá mi ni ẹyọ kan yẹn?"

"Ìṣirò ni mo ń ṣe, n ò bú èèyàn."

Ìyàwó jókòó. "Ó dáa. Oókan àti òun fúnra ẹ̀ ló lè pín yín. Ẹ̀yin ni òun fúnra ẹ̀. Èmi ńkọ́?"

Bọ̀ọ̀dá rẹ́rìn-ín. "Ìwọ ni oókan. Kò sí nọ́ńbà tí oókan ò sí nínú ẹ̀."

Mo gbọ́dọ̀ sọ òótọ́, ọ̀rọ̀ náà dùn létí. N ò sọ irú ẹ̀ fún ìyàwó tèmi rí. Ṣùgbọ́n obìnrin yìí kò rẹ́rìn-ín.

"Ẹ fi oókan pín mílíọ̀nù kan ó lé mẹ́ta. Èló ló fún yín?"

"Mílíọ̀nù kan ó lé mẹ́ta."

"Bí mo ṣe wà nínú ilé yìí nìyẹn. Mo wọlé, ẹ ò yí padà. Tí mo bá jáde, iye kan náà lẹ máa jẹ́."

Ó dìde, ó fa báàgì yọ lábẹ́ ibùsùn, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ká aṣọ sínú ẹ̀. Aṣọ tirẹ̀ ni. Àánú Bọ̀ọ̀dá ṣe mí pẹ̀lú gbogbo ìbínú mi. Ó dúró láàárín pálọ̀, ó ń fi ẹsẹ̀ wọn ilẹ̀ láti ògiri kan dé èkejì, bí ẹni tí kò gbé ibẹ̀ rí.

"Pákó yẹn," ló wí nígbẹ̀yìn, "ibo ni ká gbé e gbà?"

Ìyàwó ká ìró kan, ó tún un ká.

"Ẹ jẹ́ kí ọ̀dọ̀ fèrèsé jẹ́ ti màmá," ló wí. "Wọ́n ṣì ń rí ìmọ́lẹ̀ díẹ̀."