Fọ́tò Tó Gba Ìyàwó Méjì

Fọ́tò náà kò ju páálí ìṣáná lọ. Ó wà lára ògiri pálọ̀ Gbádérọ̀ ní Agbowó, nínú férémù tó tóbi jù ú lọ. Obìnrin méjì ló wà nínú rẹ̀, orí wọn fara kanra. Etí òsì ọ̀kan kò sí níbẹ̀, etí ọ̀tún èkejì kò sí. Àyè kò gbà wọ́n ni.

Bí Gbádérọ̀ bá ti mu ẹ̀kọ àárọ̀ tán, á gbójú sókè wò ó. Ojoojúmọ́ ni.

Ìsẹ́yìn ni wọ́n ti bí i. Ìwé mẹ́fà ló kà. Nígbà tó dé Ìbàdàn, ó di mẹ́sẹ́ńjà ní Sẹkitéríàtì ìjọba ìpínlẹ̀ ní Agodi. Wọ́n fún un ní aṣọ kakí, wọ́n ní kó máa gbé fáìlì. Ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ló fi gbé e. Láràárọ̀ á gun kẹ̀kẹ́ rẹ̀ láti Agbowó, á gba Bódìjà, á kí àwọn tó ń já iṣu nínú ọkọ̀, á wọ abẹ́ àwọn igi ńlá ọ̀nà Sẹkitéríàtì. Ó ní irú atẹ́gùn abẹ́ igi yẹn, òun ò rí i mọ́. Ológun ń lé ológun lọ, òun ń gbé fáìlì.

Ìyàwó méjì ló ní. Ràfátù ni ìyálé, ìyá Islamiyat, ó ń rán aṣọ ọmọ ilé ìwé. Ẹ̀jẹ̀ ríru ń yọ ọ́ lẹ́nu. Ọláníkẹ́ ni ìyàwó kékeré, ó ń dirun fún àwọn ọmọ Yunifásítì. Ọjọ́ tó bí Moróunkẹ́, ẹ̀jẹ̀ tó dà lára rẹ̀ kò ṣeé sọ. Ní 1999, ó tún lóyún.

Ọdún yẹn ni àwọn ológun ń palẹ̀ mọ́ tí òfin kan dé láti Abuja. Wọ́n ní òṣìṣẹ́ á máa fi díẹ̀ sílẹ̀ nínú owó oṣù, wọ́n á fún un ní káàdì, òun àti ará ilé rẹ̀ á máa fi gba ìtọ́jú ní ọsibítù. Àwọn tó wà ní ọ́fíìsì kò dúró kí ìjọba ìpínlẹ̀ fọhùn. Wọ́n pín fọ́ọ̀mù.

Àyè ọmọ mẹ́rin ló wà nínú fọ́ọ̀mù náà. Ọmọ mẹ́rin ni Gbádérọ̀ ní nígbà náà. Ìyẹn bá a mu. Àyè ìyàwó jẹ́ ẹyọ kan.

Ó tì í sábẹ́ tìmùtìmù, ọjọ́ mẹ́ta. Ní ọjọ́ kẹrin Ràfátù ń gbálẹ̀ yàrá, ó rí i. Ó gbé e kalẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ oúnjẹ ọkọ rẹ̀.

"Bàbá Islamiyat, ta lẹ fẹ́ kọ síbí?"

Gbádérọ̀ ń gbé ẹ̀bà mì.

"Ẹ̀bà yẹn ò ní tán láéláé? Ọláníkẹ́, wá o! Wá wo ọkọ rẹ, ó ti yadi."

Ọláníkẹ́ wá, ó wo ìwé náà. "Ìyá wa, ẹ̀yin lẹ kọ́kọ́ wọlé. Ẹ̀yin ni kí wọ́n kọ."

"Kí n wá máa fi káàdì fẹ́ra, kí ẹ̀jẹ̀ máa dà lára ìwọ? Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́."

"Ẹ̀yin náà ńkọ́? Ìjẹta lẹ di ògiri mú kẹ́ ẹ tó lè dìde."

Ràfátù tún gbé fọ́ọ̀mù, ó fìka lé ibi tí wọ́n á ti lẹ fọ́tò.

"Fọ́tò kan ni wọ́n ní. Ṣé wọ́n sọ iye orí tó máa wà nínú ẹ̀?"

Gbádérọ̀ bú sẹ́rìn-ín, ẹ̀bà há a lọ́fun.

"Odi ti sọ̀rọ̀," Ọláníkẹ́ ló wí bẹ́ẹ̀.

Rẹ̀mí ayafọ́tò ní ṣọ́ọ̀bù lójú títì Agbowó. Ó wò wọ́n títí. "Ẹ̀yin ìyá, pásípọ́ọ̀tù lẹ ń wí àbí ti ọdún Iléyá?"

"Ya ohun tá a ní kó o yà," Ràfátù dá a lóhùn.

"Ó dáa. Ẹ yọ gèlè. Ẹ súnmọ́ra. Ẹ tún súnmọ́ra."

Ọdún mẹ́sàn-án ni wọ́n ti jọ wà nínú ilé kan. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ wọn kò kanra rí. Ràfátù sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́: "Ìwọ ọmọ yìí, òróró orí rẹ ti ń ṣàn sí mi lójú." Ẹ̀rín tí Ọláníkẹ́ fẹ́ pa mọ́ra nígbà yẹn ṣì wà nínú fọ́tò náà.

Gbádérọ̀ kọ orúkọ ìyàwó: Ràfátù Ọláníkẹ́ Gbádérọ̀. Ó jọ orúkọ ẹnì kan.

Adéróunmú, akọ̀wé tó ń gba fọ́ọ̀mù, gbé awò ojú rẹ̀ sókè. "Bàbá Islamiyat, olórí méjì nìyàwó yín yìí?"

"Fọ́tò kan lẹ ní ká mú wá."

"Bí dókítà bá fẹ́ gún un lábẹ́rẹ́ ńkọ́?"

"Kó gún ẹni tí ara ẹ̀ ò bá yá."

Gbogbo ọ́fíìsì rẹ́rìn-ín. Adéróunmú fi fọ́ọ̀mù náà sáàárín àwọn yòókù. "Bí wọ́n bá bi mí, mi ò rí nǹkan kan o."

Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í retí káàdì. Ràfátù ń gé oògùn rẹ̀ sí méjì, ìlàjì lónìí, ìlàjì lọ́la. Ó ní bí káàdì bá dé, òun á máa mu odindi.

Ní oṣù kẹjọ, wọ́n kó àpòòwé fún Gbádérọ̀ láàárọ̀ ọjọ́ kan. Ó gbé e láti ọ́fíìsì dé ọ́fíìsì, ó gun àtẹ̀gùn, ó sọ̀ kalẹ̀, wọ́n ń fọwọ́ sí ìwé fún un. Adéróunmú já tiẹ̀. Ó kà á, ó wo Gbádérọ̀.

"Ṣé ẹ mọ ohun tẹ́ ẹ gbé kiri láti àárọ̀?"

"Ìwé ni."

"Ìjọba ìpínlẹ̀ ní òfin Abuja kì í ṣe tàwọn. Wọn ò ní yọ kọ́bọ̀ lówó oṣù wa fún Abuja. Wọ́n ní ká kó fọ́ọ̀mù kúrò nílẹ̀."

Àpòòwé méjì ló kù nínú báàgì Gbádérọ̀. Ó lọ jíṣẹ́ wọn. Iṣẹ́ rẹ̀ ni. Lẹ́yìn náà ó padà wá, ó ní kí Adéróunmú fún òun ní fọ́ọ̀mù òun.

Nílé, Ràfátù kò sọ̀rọ̀ ìjọba. Ó rọra ṣí fọ́tò náà kúrò lára ìwé. "Ẹ jẹ́ n rí ojú wa," ló wí.

Ilé ìgbẹ̀bí àwọn Aládùúrà ni Ọláníkẹ́ ti bímọ. Ràfátù ló di èjìká rẹ̀ mú. Ó bí wẹ́rẹ́. Ìdùnnú lorúkọ ọmọ.

Ràfátù ṣì ń mu ìlàjì. Nínú ààwẹ̀ ọdún yẹn, ó ṣubú nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ. Kò lò ju ọjọ́ méjì lọ kó tó kú. Bóyá káàdì ì bá gbà á, Gbádérọ̀ kò mọ̀. Kò sẹ́ni tó mọ̀. Ohun tó mọ̀ ni pé òun lòun gbé ìwé yẹn kiri.

Àwọn ọmọ fẹ́ fọ́tò ìyá wọn tí wọ́n á sọ di ńlá. Wọ́n wá gbogbo ilé. Ẹyọ kan yẹn náà ni. Rẹ̀mí mú sísọ́ọ̀sì wá, ó ní òun á gé e láàárín.

Ọláníkẹ́ gba fọ́tò náà lọ́wọ́ rẹ̀. "Etí kan ló kù fún Ìyá wa. Ṣé ẹ fẹ́ gé ìyẹn náà ni?"

Òun ló lọ ra férémù. Rẹ̀mí ní ó ti tóbi jù. Ọláníkẹ́ ní àyè kò gba àwọn lọ́jọ́sí, kó gba àwọn báyìí.