Ọwọ́ Tí Mo Nà Lẹ́sẹ̀ Òkè Sóbí

Ọlọ́wọ́ òsì ni Ọlọ́run dá mi. Ẹni tí kò bá tẹ́ lọ́rùn, kó lọ bá Ọlọ́run. Ìyá àgbà tó bí bàbá mi, tí mo ti ń gbé lọ́dọ̀ wọn ní àdúgbò Ṣàngó láti kékeré, kò bá Ọlọ́run jà o. Ọwọ́ mi ni wọ́n bá jà.

Orógùn ni ohun ìjà wọn. Bí mo bá ti fi òsì kan oúnjẹ báyìí, wọ́n á kọ́kọ́ húkọ́, ìkọ́ kékeré kan, "ẹ̀hẹ̀n", kí orógùn tó bà lé eegun ìka mi. "Ṣàítáánì ló ń fi òsì jẹun. Ṣé ọmọ ẹ̀ ni ẹ́ ni?" Nígbà mìíràn, wọ́n á fi ìborùn àtijọ́ di ọwọ́ náà mọ́ mi lára, wọ́n á ní kí n lọ gbálẹ̀ bẹ́ẹ̀. Bí àlejò bá bi mí ní ọ̀nà, tí mo fi òsì tọ́ka, ó di wàhálà: ọmọ àlè ní í fi ọwọ́ òsì júwe ilé bàbá ẹ̀! Bàbá tí wọ́n ń wí yẹn, àwọn náà ni wọ́n bí i. Ẹ wá bá mi wo ẹni tí wọ́n ń bú.

Nígbà tó yá, wọn ò nílò orógùn mọ́. Wọ́n á kàn húkọ́, ọwọ́ òsì mi á sá lọ sẹ́yìn fúnra ẹ̀.

Ìgbà tí mo wọ ilé-ìwé girama ni ẹgbẹ́ sìkáòtù bẹ̀rẹ̀ sí í pàdé ní pápá kan lẹ́yìn ilé wa ní àárọ̀ Sátidé. Tíṣà kan ni ọ̀gá wa, tí ikùn wọn ti ju ṣòkòtò péńpé wọn lọ. Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ dé, wọ́n na ọwọ́ òsì sí mi. Mo bojú wẹ̀yìn, mo rò pé ẹlòmíì ni wọ́n ń kí.

"Òsì ni, ìwọ ọmọ yìí. Òsì ni àwa fi ń bọwọ́ níbí. Òun ló sún mọ́ ọkàn."

Haba! Ọwọ́ tí wọ́n ń nà nílé bí ẹni na olè, òun ni wọ́n ń bọ̀ níta bí ọwọ́ ọba.

A gbádùn ara wa nínú ẹgbẹ́ yẹn, kí n má purọ́. A máa ń wọ inú igbó lọ, a ó máa tẹ̀lé àmì tí àwọn tó ṣáájú wa fi òkúta tò sílẹ̀. A máa ń sun iṣu tí ìta ẹ̀ á jóná, tí inú ẹ̀ ò ní jinná, a ó sì jẹ ẹ́ bẹ́ẹ̀. Ọmọkùnrin kan wà tó máa ń fọ́nnu pé òun lè fi ọwọ́ lásán mú ejò. Ọjọ́ tí alángbá gba orí bàtà ẹ̀ kọjá, ó pariwo pe ìyá ẹ̀. Ní ti okùn títa ní kókó, èmi ni mo ń kọ́ gbogbo wọn.

Àmọ́ àṣà ìkà kan wà láàárín wa. Bí ẹnìkan bá fẹ́ búra fún ẹgbẹ́ tàbí gba oyè, ọ̀gá á na òsì sí i. Bó bá fi ọ̀tún gbà á, wọ́n á bọ́ síkáàfù ọrùn ẹ̀, ó di ẹ̀yìn ìlà, ó di ọdún tó ń bọ̀ kó tó tún gbìyànjú. Àwa tó kù á máa pariwo pé: "Ọ̀tún ni! Ẹ lé e padà!" Ọ̀pọ̀ ló sì máa ń ṣubú síbẹ̀, torí bí ọmọ bá ti rí àgbà ilé wọn láàárín èrò, ẹ̀kọ́ ilé á gbé e lọ. Èmi ni mo máa ń rẹ́rìn-ín wọn jù. Èmi kẹ̀! Ta ló fẹ́ kọ́ mi ní òsì?

Lọ́dún kejì, ọ̀gá ní àwọn máa fi mí jẹ olórí pátíróò, ìyẹn ìpín àwọn ọmọ tó jọ ń jáde, lọ́jọ́ ìjáde ńlá lẹ́sẹ̀ Òkè Sóbí. Àwọn òbí máa wá wòran. Mo bẹ Ìyá àgbà títí wọ́n fi gbà láti wá. Mi ò sọ fún wọn pé òsì ni ọ̀gá máa fi bọ̀ mí lọ́wọ́. Ohun tí mo ń dọdẹ gan-an nìyẹn. Mo fẹ́ kí wọ́n fi ojú ara wọn rí i, kí ọ̀mọ̀wé tó wọ yunifọ́ọ̀mù bọ ọwọ́ tí àwọn ń fi orógùn lù níwájú gbogbo ayé, kí wọ́n wá ọ̀rọ̀ sọ tì.

A fi ẹsẹ̀ rìn láti Ṣàngó, orin lẹ́nu wa. Kọrópe, mọ́tò akérò kékeré yẹn, ni àwọn òbí wọ̀ tẹ̀lé wa. Ìyá àgbà jókòó sórí àga oníke lábẹ́ igi, tẹ̀sùbáà lọ́wọ́, lọ́wọ́ ọ̀tún dájúdájú. A ṣe ìdíje okùn fífà, bọ́tìnnì ọ̀gá já, Ìyá àgbà pàápàá rẹ́rìn-ín. A dáná, omi tiwa ló kọ́kọ́ hó. Ìgbà náà ni wọ́n pè mí.

Mo bọ́ síwájú. Mo gbé ìka mẹ́ta sókè, mo búra, ohùn mi ò gbọ̀n. Ọ̀gá na òsì.

Ìyá àgbà húkọ́.

Bóyá eruku ni. Bóyá èéfín iná wa ni. Títí dòní mi ò mọ̀, mi ò sì bi wọ́n. Kí n tó ṣẹ́jú, òsì mi ti wà lẹ́yìn mi. Ọ̀tún ló wà níta, tó nà gbọọrọ síwájú ọ̀gá.

"Ọ̀tún ni! Ẹ lé e padà!" Àwọn ọmọ tí mo kọ́ ní kókó títa ni ohùn wọn ròkè jù. Ọ̀gá náà rẹ́rìn-ín títí ikùn wọn fi ń mì. "Ìwọ náà! Ọlọ́wọ́ òsì!" Wọ́n bọ́ síkáàfù lọ́rùn mi. Ọmọ tó sá fún alángbá yẹn ni wọ́n pè dípò mi, ó sì na òsì kíá.

Mo wo Ìyá àgbà. Inú wọn ń dùn. Wọ́n ń sọ fún obìnrin tó jókòó tì wọ́n pé: "Ẹ ò rí ọmọ mi? Gbogbo wọn ń na òsì bíi kèfèrí, òun nìkan ló rántí ẹ̀kọ́ ilé. Àlùhámúdù lílláì." Wọ́n ra wàrà díndín fún mi nígbà tí à ń padà lọ sílé. Ọ̀tún ni mo fi jẹ ẹ́. Mi ò padà sí ẹgbẹ́ náà mọ́.

Lọ́dún tó kọjá, àìsàn rọpárọsẹ̀ mú gbogbo apá ọ̀tún Ìyá àgbà. Èmi ni mo ń tọ́jú wọn. Òsì nìkan ló kù tó lè gbé nǹkan, wọ́n sì máa ń fi pamọ́ sábẹ́ aṣọ ìbora bí ohun ìtìjú. Èmi ni mo ń fi oúnjẹ sí wọn lẹ́nu.

Láìpẹ́ yìí ni òùngbẹ gbẹ wọ́n, wọ́n ní kí n bu omi wá. Mo mú ife omi dání, mo dúró níwájú bẹ́ẹ̀dì, mi ò gbé e dé ẹnu wọn. Wọ́n wò mí. Wọ́n wo ẹnu ọ̀nà, bóyá ẹnìkan ń bọ̀. Wọ́n wá rọra yọ òsì jáde, wọ́n nà án sí mi.

Mo húkọ́. "Ẹ̀hẹ̀n."

Ọwọ́ náà sá padà sábẹ́ aṣọ. Ó dùn mọ́ mi. Walahi, ó dùn mọ́ mi, mo sì ń sunkún. Mo gbé ife kalẹ̀, mo fa ọwọ́ náà jáde, mo fi òsì mi bọ̀ ọ́ bí wọ́n ṣe kọ́ wa ní sìkáòtù, mi ò sì tètè fi sílẹ̀.

"Omi ni mo bèèrè," ni Ìyá àgbà wí.