Nọ́ọ̀sì Tó Ń Po Ikùn Màámi

Ẹ ò ní gbà mí gbọ́, àmọ́ bí mo bá ti gbóòórùn Ìzàl tí wọ́n fi ń fọ ilẹ̀ ọsibítù, ikùn màámi ni mo máa ń rí. Ọ̀sán ọjọ́ tí wọ́n bí àbúrò mi l'Ákànràn, mo yọjú lójú fèrèsé yàrá ìgbẹ̀bí. Ẹ̀jẹ̀ ti rin aṣọ tí màámi dùbúlẹ̀ lé, nọ́ọ̀sì sì ń po ikùn wọn bí ìyẹ̀fun búrẹ́dì.

"Fi í sílẹ̀ jàre," ni ìyá àgbà wí. "Ẹ̀jẹ̀ burúkú ni, jẹ́ kó dà!"

"Màmá, bó bá dà tán, ta lẹ fẹ́ gbé lọ sílé?" ni nọ́ọ̀sì fèsì.

Mo figbe ta pé ó ń pa màámi. Ìgbà tí mo dàgbà ni mo mọ̀ pé ilé ọmọ ló ń fọwọ́ ra kó lè le, kí ẹ̀jẹ̀ lè dá.

Nígbà tó yá, nọ́ọ̀sì nu òógùn ojú. "Ó ti dá."

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, wọ́n gbé àbúrò mi lé mi lọ́wọ́. Ó tọ̀ sí mi láyà, màámi sì rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn.