Ẹja Tí Wọn Kò Jẹ́ Kéèyàn Fọwọ́ Kàn

Ní ọjọ́ tí a lò pọ̀ kẹ́yìn, ìyàwó mi ti ọjà Sandgrouse dé, ó gbé ẹja ọ̀bọ̀kún sínú abọ́ ní ẹ̀yìnkùlé wa ní Lafiaji, ó ní kí n wá wò ó. Ó ṣí etí rẹ̀. Inú rẹ̀ pọ́n bí ata.

"Àlàájì, ẹ rí i? Àárọ̀ yìí ni wọ́n pa á."

Mo ní mo rí i, mo padà sídìí ìwé ìròyìn mi. Ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́ láìsí ìyàwó mi láyé.

Lẹ́yìn àdúrà fìdáù rẹ̀, àwọn ará ilé ń gbé oúnjẹ wá, ṣùgbọ́n ẹja kò wọ ìkòkò wa mọ́. Òun ló máa ń rà á. N kò ra ẹja rí. Ọmọbìnrin wa tó ń gbé ní ìlú òyìnbó ní kí n wá sinmi lọ́dọ̀ òun. Nítorí bẹ́ǹṣì kan ni mo ṣe gbà. Mo fẹ́ tún jókòó sórí rẹ̀.

Èmi pẹ̀lú ìyàwó mi la jọ jókòó níbẹ̀ nígbà tí a kọ́kọ́ lọ, lókè etí òkun, níbi tí ilẹ̀ ti ń wó sómi. Ilé kan wà nítòsí tí ìdajì ọgbà rẹ̀ ti lọ. Ọmọ Ìsàlẹ̀ Èkó ni ìyàwó mi. Ó wò ó títí.

"Mo ṣebí òkun tiwa nìkan ló ń jẹ ilẹ̀," ló wí.

Lẹ́yìn náà a sọ̀ kalẹ̀ lọ sí ìlú kékeré tí àwọn ọkọ̀ apẹja ń gúnlẹ̀ sí. Nínú ṣọ́ọ̀bù ẹja, ó na ìka, ó ṣí etí ẹja kan. Ọkùnrin tó ń tà á yára sọ pé kò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kàn án. Ìyàwó mi rẹ́rìn-ín, ó fi Yorùbá bi mí pé, "Ẹja tí wọn ò jẹ́ kéèyàn fọwọ́ kàn, kí ló ń fi pamọ́?" A kò rà á.

Nígbà tí mo dá lọ, wọ́n ti ta okùn dí ọ̀nà. Bẹ́ǹṣì náà ti bá ilẹ̀ lọ, ilé yẹn náà ti lọ. Mo dúró lẹ́yìn okùn, mo di fìlà mi mú nítorí atẹ́gùn. Omi ìsàlẹ̀ rí bí omi amọ̀. Mo sọ̀ kalẹ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀bù ẹja náà. Ọkùnrin náà bi mí pé kí ni mo fẹ́. Mo ní mo kàn ń wò ni.

Ní ọjọ́ Jímọ̀ tí mo padà sí Èkó, mo kírun tán, mo gbé báàgì ọjà ìyàwó mi, mo lọ sí Sandgrouse.

"Àlàájì, ẹ ò ṣìnà?" ni obìnrin ẹlẹ́ja kan wí. "Ibí kọ́ ni mọ́ṣáláṣí o."

"Ẹja ni mo fẹ́ rà."

"Ẹ̀yin fúnra yín? Ó dáa, ẹ mú èyí. Ṣẹ̀ṣẹ̀ ló ti òkun jáde."

Mo bẹ̀rẹ̀, mo fi ìka ṣí etí rẹ̀. Inú rẹ̀ kò pọ́n mọ́. Mo gbé e sílẹ̀, mo ṣí òmíràn.

"Hẹn-ẹn. Ta ló kọ́ yín?"

Èyí tí mo ṣí tẹ̀lé e pọ́n.

"Ẹ bá mi gé èyí," mo wí. "Ẹ má sọ orí rẹ̀ nù."