Sípíkà Tó Kọjú Sígbó

Oorun ni mo fi ṣẹ bàbá mi. Kì í ṣe ọtí, kì í ṣe ọkùnrin, kì í ṣe ìsọkúsọ lójú ọjà. Oorun ọ̀sán ni, èyí tí ọmọ ọwọ́ ń sùn láìṣẹ ẹnikẹ́ni.

Iṣẹ́ alẹ́ ni mò ń ṣe títí di òní, nílé ẹyin kan lápá Ẹ̀gbẹ́dá. Ilé ẹyin là ń pè é láàárín ara wa. Àwọn ẹ̀rọ ńláńlá ló wà níbẹ̀ tó ń sàba lé ẹyin adìẹ títí wọ́n á fi di òròmọdìẹ. Iṣẹ́ tèmi ni kí n máa wo ooru inú ẹ̀rọ láti alẹ́ dàárọ̀, kí n máa kọ ọ́ sílẹ̀, kí n sì sáré tan jẹnẹrétọ̀ bí iná bá lọ. Iṣẹ́ náà kò le. Ohun kan ṣoṣo tó ń fẹ́ lọ́wọ́ èèyàn ni pé kó má sùn.

Mo ti sùn níbẹ̀ rí, lẹ́ẹ̀kan péré. Iná lọ, n kò mọ̀, ẹyin inú ẹ̀rọ kan tutù, ọ̀pọ̀ wọn kò sì pa. Ọ̀gá mi kò pariwo. Ó kó díẹ̀ nínú wọn síwájú mi, ó ní kí n fọ́ wọn, kí n wo inú wọn. Òròmọdìẹ tó ti hu ìyẹ́ ló wà níbẹ̀, gbogbo wọn ti kú. Ó wá sọ pé bí irú ẹ̀ bá tún ṣẹlẹ̀, kí n kúkú lọ máa sùn nílé bàbá mi.

Nílé bàbá mi gan-an ni kò ti ṣeé sùn.

Abúlé wa yà kúrò lójú ọ̀nà Akanran. Nígbà tí màmá mi kú ni mo kó padà síbẹ̀, kí bàbá mi má baà máa dá gbé. Ládàánì ni wọ́n. Àwọn ni wọ́n ń pe ìrun ní mọ́sálásí abúlé wa láti ìgbà tí wọn kò tíì bí mi. Nígbà tí mo wà ní kékeré, orí òkúta kan lẹ́yìn mọ́sálásí ni wọ́n máa ń dúró sí, wọ́n á fi ọwọ́ méjèèjì bo etí, ohùn wọn á sì dé oko. Nígbà tó yá, àwọn ará abúlé dáwó ra sípíkà, wọ́n gbé e kọ́ sórí òpó lẹ́gbẹ̀ẹ́ òkúta náà, wọ́n kọ ẹnu rẹ̀ sí àwọn ilé. Ilé wa ló ṣáájú gbogbo ilé, fèrèsé yàrá mi ló sì ṣáájú nílé wa.

Nọ́ọ̀sì kan wá bá wa sọ̀rọ̀ níbi iṣẹ́ lẹ́yìn ọ̀rọ̀ ẹyin yẹn. Ó ní kí àwa tá à ń ṣiṣẹ́ alẹ́ fi aṣọ dúdú bo fèrèsé, kí a yéé mu kọfí tí ilẹ̀ bá ti fẹ́ mọ́, kí a máa sùn lákòókò kan náà lójoojúmọ́, kí a sì sọ fún àwọn ará ilé pé kí wọ́n bá wa dín ariwo kù. Mo gba gbogbo ọ̀rọ̀ rẹ̀. Èyí tó kẹ́yìn ni mo gbà jù.

Ẹnu mi mú, n kò ní purọ́. Àwọn ewúrẹ́ ni mo kọ́kọ́ bá jà. Ẹ̀yìn wọn ló kan obìnrin tó ń din gàrí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé wa, tó máa ń kọrin bó ṣe ń rò ó. Mo ní kó jọ̀ọ́, kó máa din gàrí láìkọrin. Ó ní gàrí tí òun kò bá kọrin sí, ńṣe ló máa ń jóná. Láti ọjọ́ náà ló ti sọ mí ní Àdán. Tí mo bá ń bọ̀ láàárọ̀, á na ìgbákọ rẹ̀ sókè: “Àdán, ẹ kú àbọ̀ o! Ilẹ̀ ti ṣú, ẹ lọ sùn!”

Kí n tún sọ èyí tó pa mí lẹ́rìn-ín. Ní àdúgbò wa, aláìsàn ló ń sùn lọ́sàn-án, tàbí ìyá ìkókó, tàbí ọ̀lẹ. Àwọn tí kò fẹ́ pè mí lọ́lẹ gbà pé ara mi ni kò yá, wọ́n sì ń wá kí mi. Wọ́n á kan ilẹ̀kùn títí n ó fi jí, wọ́n á ní, “A gbọ́ pé oorun lò ń sùn, la ní ká yọjú sí ẹ.”

Gbogbo ìyẹn ṣì ṣeé fara dà. Ìpè ìrun Àìlà, ìrun ọ̀sán, ni kò ṣeé fara dà. Aago mẹ́sàn-án ni mo máa ń délé. Kí n tó wẹ̀, kí n tó mu ẹ̀kọ, kí n tó wọ inú nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn mi, kí ojú mi tó rẹlẹ̀, ó ti lé ní wákàtí kan. Ìgbà tí oorun náà bá ṣẹ̀ṣẹ̀ wá ń dùn ni ohùn bàbá mi á gba fèrèsé wọlé. Tó bá ti jí mi, ó parí nìyẹn, oorun kò ní wá mọ́ títí dìgbà tí n ó fi tún múra iṣẹ́.

Lọ́jọ́ kan, lẹ́yìn òru méjì tí iná ń lọ tó ń bọ̀, mi ò rí oorun kankan sùn lọ́sàn-án méjèèjì. Ojú mi pọ́n, orí ń fọ́ mi. Ìpè náà tún dé. Mo dìde, mo lọ́ ìró mọ́ra, mo jókòó sẹ́nu ọ̀nà títí bàbá mi fi kírun tán tí wọ́n wọlé. Kò sí ẹlòmíràn níbẹ̀. Ohun tí mo sọ fún wọn nìyí: “Baba, ṣé Ọlọ́run dití ni? Ẹ ń lọgun bíi pé ilé ń jó!”

Bí mo ṣe ń kọ ọ́ yìí, ojú ń tì mí.

Wọ́n bọ́ bàtà wọn, wọ́n jókòó. Wọn kò bínú. Wọ́n wò mí bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ rí mi.

“Ṣé ohùn mi ló ń jí ẹ ni?”

“Bẹ́ẹ̀ ni.”

“Lójoojúmọ́?”

“Lójoojúmọ́, Baba.”

Wọ́n mirí. “O ò bá ti tètè sọ.”

Mo ní lọ́kàn mi pé tí mo bá sùn díẹ̀ tí ara mi balẹ̀, n ó bẹ̀ wọ́n. Àárẹ̀ borí mi lọ́jọ́ náà, mo sùn di Alásárì. Nígbà tí mo jí, mo ń wá bàtà iṣẹ́ mi kiri, mo sì gbàgbé.

Ọjọ́ kejì tàbí ìkẹta ni okùn nẹ́ẹ̀tì mi di àwátì, okùn aláwọ̀ búlúù kan báyìí. Nẹ́ẹ̀tì wó lé mi lójú láti ẹ̀gbẹ́ kan. Mo pariwo lé àwọn ewúrẹ́ lórí, mo bi bàbá mi bóyá wọ́n rí i. Wọn kò sọ pé àwọn rí i, wọn kò sì sọ pé àwọn kò rí i. Wọ́n ní àwọn á bá mi wá òmíràn, wọ́n sì wá a.

Láti ìgbà náà ni oorun mi ti dára. Ìpè Àìlà wá ń dún sí mi bíi pé láti òdìkejì odò ló ti ń wá. Mo rò pé bátìrì sípíkà ló ń kú lọ. Kí Ọlọ́run dárí jì mí, mo gbàdúrà pé kí wọ́n má tún un ṣe. Ara mi bọ̀ sípò. Ọ̀gá mi yìn mí. Obìnrin onígàrí ní Àdán ti ń sanra.

Ààwẹ̀ dé. Mọ̀gàríbì máa ń bá mi lórí ọ̀kadà lọ́nà Ẹ̀gbẹ́dá ni, pẹ̀lú dàbínù àti omi nínú báàgì mi, torí náà mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń pe ìrun nílé lásìkò ìṣínu. Ó tó bí ìdajì oṣù ààwẹ̀ nígbà tí ohùn kan jí mi lọ́sàn-án, ó lágbára, ó sì yàtọ̀. Ohùn ọ̀dọ́ ni. Mo fi ìbínú jáde. Bàbá mi wà lórí ẹní ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, wọ́n ń ka tẹ̀sùbáà.

“Baba, ta ló ń pè é?”

“Wọ́n ti fún ẹlòmíràn.”

“Kí ló dé?”

“Mo ti dàgbà.”

Ohun tí mo fi dá wọn lóhùn ló ń jẹ mí lọ́kàn jùlọ nínú gbogbo rẹ̀. Mo ní, “Ó dáa bẹ́ẹ̀, ẹ sinmi.” Mo ti ń padà wọ yàrá kí n tó yíjú pé, “Ẹ bá mi sọ fún un kó rọra o.”

Wọ́n ní, “Ìyẹn ò sí lọ́wọ́ mi mọ́.”

Lọ́jọ́ tí mi ò lọ síbi iṣẹ́, mo gbé àkàrà àti ẹ̀kọ ìṣínu lọ fún ìyá àgbà kan tí ilé wọn wà ní ìparí abúlé, lẹ́yìn tiwa. Ojú wọn kò ríran dáadáa mọ́. Wọ́n gba àwo lọ́wọ́ mi, wọ́n súre, wọ́n wá di ọwọ́ mi mú.

“Ọmọ Ládàánì, bá mi sọ fún bàbá ẹ pé èmi kọ́ ni mo fẹjọ́ sùn o. Ọmọ mi ni.”

Mi ò mọ ohun tí wọ́n ń sọ. Mo ní, “Ẹjọ́ wo, Màmá?”

Wọ́n ṣàlàyé. Ó ti pẹ́ díẹ̀ tí ìpè kò ti ń dé ọ̀dọ̀ wọn dáadáa, ọmọ wọn ló máa ń sọ fún wọn pé àkókò ti tó, fóònù ló ń wò. Lọ́jọ́ kan nínú ààwẹ̀, ọmọ náà lọ sí ìlú, kò tètè dé. Ìyá jókòó pẹ̀lú ife omi lọ́wọ́, wọ́n ń retí ìpè Mọ̀gàríbì. Wọn kò gbọ́ nǹkan kan.

“Mo ní bóyá oòrùn ò tíì wọ̀ ni. Ohùn bàbá ẹ ni aago mi, èmi ò ní òmíràn. Mo ní n ò ní ṣínu ṣáájú Ládàánì.”

Lẹ́yìn Ìṣáì ni ọmọ wọn dé, ó bá wọn níbẹ̀, omi ṣì wà lọ́wọ́ wọn. Ó fi ẹkún lọ sí mọ́sálásí. Ìgbà náà ni àwọn àgbà mọ́sálásí tan tọ́ọ̀ṣì sí orí òpó, wọ́n rí i pé ẹnu sípíkà ti kúrò lára àwọn ilé, igbó ló kọjú sí. Wọ́n bi bàbá mi. Bàbá mi ní afẹ́fẹ́ ló yí i. Wọ́n ní Ládàánì tí kò mọ ibi tí sípíkà rẹ̀ kọjú sí, ó yẹ kó lọ sinmi.

“Àmọ́ èmi ò bínú o,” ni ìyá wí. “Ṣé o rí i pé mi ò kú.”

Mo gba ẹ̀yìn mọ́sálásí padà. Wọ́n ti dá ẹnu sípíkà padà sí ọ̀dọ̀ wa. Okùn kan fì sílẹ̀ lára òpó, kò sẹ́ni tó yọ ọ́. Aláwọ̀ búlúù ni. Ó dá mi lójú pé àwọn àgbà rí i lóru ọjọ́ yẹn, ṣùgbọ́n ta ló fẹ́ pe irú bàbá yẹn ní òpùrọ́? Mo gun òkúta àtijọ́ yẹn, mo fà á já.

Mo gbé e síwájú bàbá mi.

Wọ́n wò ó. Wọ́n ní, “Mo fẹ́ tú u fún ẹ padà, ọwọ́ mi ò tó o mọ́.”

Mo kúnlẹ̀, mo ń sunkún bí ọmọdé. Mo ní n ó lọ bá Lèmọ́mù lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, n ó sọ pé èmi ni mo fà á, pé tìtorí oorun mi ni.

“Wọ́n á ní, ta ló wá sọ pé afẹ́fẹ́ ni?”

Mo fi ìró mi nu ojú.

“Inú ààwẹ̀ ni mo ti pa irọ́ yẹn,” ni wọ́n wí. “Tí mo bá ní torí ọmọ mi ni, ìwọ ni wọ́n á kọjú sí, wọ́n á ní kí o fi iṣẹ́ sílẹ̀. Mo ti ń bá Ọlọ́run sọ ọ́. Má dá sí i.”

Mi ò lè sọ òótọ́ kí ó má dójú ti bàbá mi. Mi ò sì lè dákẹ́ kí ọkàn mi balẹ̀. Aṣọ dúdú ṣì wà lójú fèrèsé mi, mi ò mu kọfí, aago mẹ́wàá kọjá díẹ̀ ni mò ń wọ inú nẹ́ẹ̀tì. Ṣùgbọ́n kí Ládàánì tuntun tó pe Àìlà, ojú mi ti là, mo ti ń retí rẹ̀.

Lọ́jọ́ tí mo bá wà nílé, mo máa ń gbọ́ ìpè Àsùbáà. Nínú ìpè yẹn nìkan ni wọ́n ti ń sọ pé ìrun dára ju oorun lọ. Bí ọ̀dọ́ yẹn ṣe ń pè é nínú sípíkà, bàbá mi náà ń pè é nínú yàrá wọn, wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, láti ìbẹ̀rẹ̀. Tí wọ́n bá dé ibi ọ̀rọ̀ oorun yẹn, ohùn wọn á tún rẹlẹ̀ sí i, títí tó fi jẹ́ pé èémí wọn nìkan ni mò ń gbọ́ láti ara ògiri. Lẹ́yìn náà wọ́n á jáde. Wọn kì í wọ bàtà kí wọ́n tó kọjá lẹ́nu ọ̀nà mi, ọwọ́ ni wọ́n fi ń gbé e.

Tí ọ̀sán bá pọ́n, tí mo bá jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, wọ́n á gbójú sókè lórí ẹní.

“Ṣé o sùn dáadáa?”

“Mo sùn dáadáa, Baba.”